Ojú Ewé Mẹ́rìndínlógún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wá

Rárá o, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ẹni tó bá sì tún sọ bẹ́ẹ̀ létí ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó máa gbà sá kó tó la ẹnu. Obìnrin tó ti ń di ìwé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé lẹ́tà ojú ewé kan ṣoṣo sí àbúrò ẹ̀ máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì, òun làwọn ará ilé ìwé ọmọ ọmọ ẹ̀ ní ó jókòó, ó ronú jinlẹ̀, ó fi orí ara ẹ̀ kọ ojú ewé mẹ́rìndínlógún, ó wá rán an mọ́ àárín ìwé oníwèé. Ká ní ó mọ ìtàn kọ tó bẹ́ẹ̀ ni, ṣé abẹ́ àtẹ̀gùn ni ì bá ṣì jókòó sí, tó ń fi ìda pa òwú?

Ìyá Adìwé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta, ó kàn mọ́ ti ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Bí ẹni méjì bá wọlé pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ mí sínú kí èkejì tó lè mí síta. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, pákó ńlá méjì tó ní skúrúù tí wọ́n fi ń há ìwé mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́, ìda, ike gọ́ọ̀mù, àti egungun pẹlẹbẹ kan tó fi ń tẹ bébà tó bá ti ṣẹ́ po. Ìwé mẹ́rin péré ló kà nílé ìwé. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ọ níyòókù.

Ohun tí kò sì yé àwọn ará ilé ìwé yẹn ni pé ìwé kì í ṣe ewé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kó jọ bí ìgbà tí wọ́n gbá ilẹ̀. Bébà ńlá kan ni wọ́n máa ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹta, á di ewé mẹ́jọ, ìyẹn ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ìṣẹ́po kan nìyẹn. Wọ́n á to ìṣẹ́po lé ìṣẹ́po, wọ́n á fi òwú rán wọn mọ́ra lẹ́yìn. Nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tín-ín-tín bí ẹyin eèrà. Ẹni tó ń di ìwé nìkan ló ń wò ó. Bí Ìyá Adìwé bá ṣe ń rán an ló ń kà á, ìṣẹ́po tó bá bá ọwọ́ ẹ̀ ló ń kà. Ìtàn tí ẹlòmíì ń bá pàdé lórí, àárín lòun ti ń bá a pàdé. Ó lè mọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé ẹnì kan kú, kó má mọ orúkọ olóògbé títí di Ọjọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó kọjá, ọmọ ọmọ ẹ̀ ti ilé ìwé dé, ó yọ lẹ́tà kan nínú ìbọ̀sẹ̀. Kílófàá ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni kò ti fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìbéèrè pé kí ló fà á. Ọmọ ọdún méjìlá ni báyìí, ẹnu ẹ̀ ò sì tíì rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé lẹ́tà sórí tábìlì, ó mú ìwé ìtàn inú báàgì ẹ̀, ó lọ tì í bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, ó ní òun ò kàwé mọ́. Ó ní àwọn tí kò kà á ti lọ ṣeré.

Ohun méjì ló wà nínú lẹ́tà náà. Èkíní, wọ́n ní adìwé fi ewé tí kì í ṣe ti ìwé sínú ìwé, kó wá fi bíléèdì yọ ọ́ kíá. Èkejì, wọ́n ní ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó tẹ̀lé ewé wọ̀nyẹn ti gba òdo nínú ìdánwò àhunpọ̀ ìtàn, Kílófàá sì wà lára wọn. Nítorí náà, láti Ajé tó ń bọ̀ títí ìsinmi fi máa parí, wọ́n á máa wá sí kíláàsì àwọn tí kò lè dá ìwé kà.

Àwọn tí kò lè dá ìwé kà. Ọmọ tó jẹ́ pé ìwé àkọ́kọ́ tó máa kà láti èèpo dé èèpo nígbèésí ayé ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Tíṣà tó ń kọ́ wọn, Tíṣà Olókè làwọn ọmọ sọ ọ́, torí bó bá ti wọlé, òkè ló máa kọ́kọ́ yà sójú bọ́ọ̀dù. Lápá òsì nísàlẹ̀ ni ìfáàrà wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ó kan ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgòkè, tí ọ̀rọ̀ ń le sí i, tó fi dé ṣóńṣó, níbi tí èèyàn ò ti lè gbé ìwé sílẹ̀ kódà bí wọ́n bá ń pè é. Ìsọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, ìparí wá jókòó sí ìdí òkè. Òkè náà dáa. Ìyá Adìwé ò bá òkè jà. Ẹni tó ń júwe òkè ni kò gun òkè rí.

Ìwé tí wọ́n ń kà dá lórí ọmọbìnrin kan tí bàbá ẹ̀ ń ṣọ́ afárá. Bàbá rí i pé afárá ti ń sán. Ó kọ lẹ́tà, ó kọ ọ́ títí, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá tó yẹ kó tún un ṣe, ọ̀gá ju lẹ́tà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lójú ẹ̀. Ní ojú ewé 96, òjò ń rọ̀, ọmọbìnrin náà mú gèlè pupa ìyá ẹ̀ lórí ìkọ́, ó jáde síta. Ó parí síbẹ̀. Ewé tó tẹ̀ lé e, ojú ewé 113 ni, wọ́n ti fi simẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ ọmọ, gbogbo ará àdúgbò tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín. Láti orí gèlè dé orí ẹsẹ̀ kíkán, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọdún méjìlá ni wọ́n fi kọ́ ìwé yìí nílé ìwé yẹn, ẹnì kan ò bi ara ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé ni wọ́n ti fo ìṣẹ́po keje, gbogbo páálí tí ilé ìwé gbà ló rí bẹ́ẹ̀. Dípò kí wọ́n wò ó pé iye ojú ewé fò láti 96 lọ sí 113, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Wọ́n ní òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n gbé ṣóńṣó ìtàn lọ sórí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ibẹ̀ ló sì wà lọ́dọọdún. Wọ́n tún wá fi ṣe ìdánwò, máàkì mẹ́wàá gbáko: kí nìdí tí òǹkọ̀wé ò fi sọ fún wa bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe kán? Ìdáhùn tí wọ́n kọ sínú ìwé atọ́nà tí wọ́n fi ń máàkì ni pé òǹkọ̀wé fẹ́ ká lo ọpọlọ wa. Ọpọlọ tí wọn ò lò rárá, òun ni wọ́n ń fi dánwò.

Nígbà ìsinmi tó kọjá ni èèpo àwọn ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọ́n di méjìlélọ́gbọ̀n sínú àpò méjì, wọ́n kó o wá fún Ìyá Adìwé. Ó tú èkíní, ó ka nọ́ńbà ìdí ìṣẹ́po: márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́jọ. Ó rò pé ó já bọ́ ni. Ó tú èkejì, mẹ́fà, mẹ́jọ. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbọn àpò. Nígbà tó fi máa tú ìkẹwàá, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń bi ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ bóyá ojú òun ló ti ń ṣú.

Ó wá ìwé tó pé kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pípín ló ti rí i, Bàbá Oníléta, tó rà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó sì jẹ́ pé kì í yá ẹnikẹ́ni níwèé, títí kan ìyàwó ẹ̀. Ó ní kí Ìyá Adìwé fọ ọwọ́ ná. Ó fọ̀ ọ́. Ó ní kó nu ún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí pé kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀dà ẹ̀, bàbá gbé ìwé sínú nílọ́ọ̀nù, ó fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì, òun ló ń ṣí i léwé-léwé lórí ẹ̀rọ, kò jẹ́ kí ẹlẹ́rọ fọwọ́ kàn án.

Bí ìṣẹ́po keje ṣe padà sílé nìyẹn. Ìyá Adìwé ṣẹ́ ẹ po lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n, ó fi egungun tẹ̀ ẹ́, ó rán an. Ó ń kà á bó ṣe ń rán an. Ó kù díẹ̀ kó gbé ìda mì. Kílófàá náà fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń ka tiẹ̀, nígbà tó dé ojú ewé 104 ó dìde dúró láìmọ̀, ó ń kà á lórí ìdúró. Ìyá ẹ̀ àgbà bi í pé níbo ni ṣóńṣó wà báyìí. Ó ní ibí yìí ni. Ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ọmọ ní òun ò mọ ìgbà tí òun dìde. Ìyá Adìwé ní ó gbà á. Ó ní nínú iṣẹ́ tòun náà, ibi tí òwú bá ti le jù ni èèyàn ti ń mọ̀ pé àárín ìwé la wà.

Ibi tí òun náà ti jẹ̀bi díẹ̀ rèé, a ò ní bò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwé. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ohun tó bá pé, ó pé, wọn kì í pariwo ẹ̀. Télọ̀ tó bá bá ẹ rán bọ́tìnnì tó já, ṣé ó máa kọ̀wé ránṣẹ́ ni? Ṣùgbọ́n àwọn ewé ti tẹ́lẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewé fótókọ́pì sì funfun báláú láàárín wọn, ó dà bí eyín tuntun lẹ́nu arúgbó. Ẹni tó bá ti ṣí i á rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i, àwọn ọmọ ni. Ọdún yìí ni ìwé kọ́kọ́ kárí, tí oníkálùkù gbé tiẹ̀ relé. Nígbà tí ìdánwò dé, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn gbé ṣóńṣó kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Wọ́n ní ṣóńṣó ìtàn ni ìgbà tí ọmọbìnrin náà dúró láàárín títì nínú òjò, tó ń ju gèlè pupa, tí bọ́ọ̀sì tó kún fún ọmọ ilé ìwé ń sáré bọ̀, tí awakọ̀ ò rí i, tí afárá sì ń wó lẹ́yìn ẹ̀. Ìbéèrè tó ní kí nìdí tí òǹkọ̀wé ò fi sọ fún wa, wọ́n ní ó sọ fún wa, ojú ewé 104. Kílófàá tún fi tiẹ̀ kún un nísàlẹ̀, ó ní kí ló fà á tí tíṣà fi rò pé kò sọ. Wọ́n fa ìlà pupa mẹ́ta sábẹ́ ìyẹn.

Àwọn márùn-ún yòókù ò ṣí ìwé. Nóòtì orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n há sórí, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni wọ́n kọ, ọpọlọ wa ni wọ́n ní òǹkọ̀wé fẹ́ ká lò. Wọ́n gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn, ìwé náà ló fi ti ẹsẹ̀ àga tó ń mì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ọkọ Ìyá Adìwé, tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní tí èèyàn bá ti gbé pẹ̀lú nǹkan fún ọdún méjìlá láìmọ àárín ẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ là á lójú mọ́. Òun náà ti fẹ́yàwó fún ogójì ọdún, àárín ẹ̀ ò tíì yé òun, oúnjẹ ò sì korò lẹ́nu òun. Ìyàwó ẹ̀ wò ó bí ẹni ń wo gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, ó ní kó gbé bàtà òun wá.

Àárọ̀ Ẹtì ló lọ. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ ẹ̀, bíléèdì wà lọ́wọ́ ẹ̀, Bàbá Oníléta sì ń tẹ̀ lé e, torí bàbá ní bí ìwé òun bá máa jẹ́rìí, òun lòun máa gbé e dé ilé ẹjọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí ẹ̀, fún wọn ní àga, ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Olókè. Tíṣà wọlé pẹ̀lú ẹfun lápá aṣọ. Kò bú Ìyá Adìwé. Ó kí i dáadáa, ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ pé Màmá ò mọṣẹ́, ohun tí Màmá fi sí i nìkan làwọn ní kó yọ.

Ìyá Adìwé bi í bóyá ó ní ìwé tiẹ̀, èyí tí kò bá àwọn yòókù wá fún títúnṣe. Tíṣà ní òun ní in, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó gbé e wá. Ìwé náà ń dán. Ìwé tó ti fi ń kọ́ ọmọ láti ọdún méje tó ti dé ilé ìwé náà, kò ní ẹyọ àbàwọ́n kan.

"Ẹ ṣí ojú ewé 96 fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sókè."

Tíṣà ti ń dáhùn kó tó wò ó, ó ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, kí ló tún máa jẹ́. Ó wá wò ó. Ó fi ìka sẹ́nu, ó padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i. Ó fi èékánná họ etí ewé bóyá méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ọ̀gá àgbà bi í pé kí ló dé.

Ìyá Adìwé mú ọ̀kan nínú ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ dì, ó fi bíléèdì la ẹ̀yìn ẹ̀ lójú wọn, ohun tó dùn ún dénú egungun, ó to ìṣẹ́po sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà: mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ó ní kí wọ́n wá wo ti Bàbá Oníléta, bóyá òun náà ló kọ ìyẹn. Bàbá tú nílọ́ọ̀nù. Ó bi tíṣà bóyá ó ti fọ ọwọ́.

Tíṣà Olókè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láti ojú ewé 97, pẹ̀lú ohùn tíṣà, bí ẹni fẹ́ fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó dé ojú ewé 100, ohùn lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé 102, ètè nìkan ló ń mì. Ọ̀gá àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀, tíṣà gbé ọwọ́ dá a dúró bí ọlọ́pàá oríta, ọ̀gá ẹ̀ o. Nígbà tó dé 104, ó wá àga, kò rí, ó jókòó sórí tábìlì ọ̀gá. Ó kà á títí.

"Bọ́ọ̀sì yẹn dúró?" ó bi wọ́n.

"Ó dúró," Bàbá Oníléta dá a lóhùn. "Iwájú ẹ̀ ló gbá ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ fún mi níwèé mi."

Tíṣà ní òun á sọ òtítọ́, ojú ewé 60 ni òun kà á dé lọ́dún tóun kọ́kọ́ dé, nóòtì tóun bá nílẹ̀ ló gbé òun láti ibẹ̀. Ó ní apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí yẹn ti máa ń ṣe òun bákan, pé ó kéré jù fún ṣóńṣó, ṣùgbọ́n òun rò pé bí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń rí nìyẹn. Ìyá Adìwé ní ó káre. Inú ẹ̀ ti fẹ́ rọ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀gá àgbà ló kù. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó ní inú òun dùn gan-an pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, ewé funfun lè wà níbi tó wà, kí Màmá má yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ti máàkì, ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ìwé atọ́nà ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lórí, máàkì sì ti bá ìránṣẹ́ lọ láti àná. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó lè yí i padà, ìgbìmọ̀ kì í sì í jókòó títí di ọdún tó ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, òdo ṣì ni òdo. Kíláàsì àwọn tí kò lè dá ìwé kà á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé bí wọ́n ṣe sọ.

Ìyá Adìwé bi í pé ta ló máa kọ́ wọn. Ó ní Tíṣà Olókè ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó bi í pé ìwé wo ni wọ́n máa kà. Ó ní ìwé yìí kan náà.

Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá àgbà dìde, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní Màmá ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Bàbá Oníléta ti dìde. Ìyá Adìwé ò dìde.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá, a ò tíì tán. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ka ìwé tán, ẹ fún wọn ní òdo. Márùn-ún ò ṣí i, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ má dárúkọ ìgbìmọ̀ fún mi, mi ò mọ ilé ìgbìmọ̀. Láàárọ̀ Ajé, ẹnì kan máa dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn, á sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ni kò ka ìwé. Ta ni ẹni náà? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi báyìí."